Ìwé Tó Kó Gbogbo Ọkọ̀ Jáde

Ẹ̀fọn Ẹ̀bútẹ́-Ìrọ̀rùn kì í ṣe irú ẹ̀fọn tí ẹ mọ̀. Ọ̀kan bà lé ajá lẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ńṣe ni ajá náà dọ̀bálẹ̀ pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Abúlé orí omi ni Ẹ̀bútẹ́-Ìrọ̀rùn, ó wà lẹ́yìn Molútẹ̀hìn, níbi tí ọ̀sà àti òkun ti ń bá ara wọn du ààlà látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Orí òpó ni gbogbo ilé ibẹ̀ dúró sí, bí ọmọ tó ká ṣòkòtò sókè kó má baà tutù, afárá pákó ló sì so ilé mọ́ ilé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó mọ ìrìn. Wọ́n ní òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àjẹ̀ ló gbé dání nígbà tí agbẹ̀bí gbà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fọn ló ń ba Bàdírátù lẹ́rù, kì í sì í ṣe omi. Ẹdẹ́ ni. Ẹdẹ́ wínníwínní tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ yẹn.

Ohun tó fà á nìyí. Bàdírátù kàwé ní Igbókọ̀dá, ó sì padà wá sílé pẹ̀lú àwọn páálí ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ kó fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ó gbá yàrá tí bàbá rẹ̀ tó ti ṣaláìsí ń kó àwọ̀n sí, ó kan pákó mọ́ ògiri, ó to ìwé lé e, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé ILÉ ÌWÉ KÍKÀ ÀWỌN Ọ̀DỌ́. Àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Ṣùáíbù, tó jẹ́ olórí ẹbí, wo àkọlé náà bí ẹni ń wo ẹja tó ń sọ̀rọ̀.

"Bàdírátù, yàrá àwọ̀n lèyí."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n lò ó, Bàbá."

"Mo ní kí o lò ó nítorí ẹdẹ́ ò tíì dé. Lọ́jọ́ tí ẹdẹ́ bá dé, tí mi ò bá rí ọmọ tó ń kàwé níbí, àwọ̀n mi ń padà sílé ẹ̀ nìyẹn. Kò ṣeé ṣe kí ìwé jókòó sábẹ́ òrùlé, kí àwọ̀n tó ń bọ́ wa máa rà nínú òjò."

Bàdírátù ní kò burú. Kí ló le nínú ìyẹn? Ọmọ pọ̀ lábúlé bí ẹja ṣàwá. Ọ̀dọ́langba nìkan, bí wọ́n bá jọ fò lórí afárá lẹ́ẹ̀kan náà, ìlú Ayétòrò lọ́hùn-ún á gbọ̀n.

Àṣé ọmọ pípọ̀ kì í ṣe òun ni ọmọ kíkàwé. Ìwé tó kọ́kọ́ fà lé wọn lọ́wọ́ nípọn bí odidi búrẹ́dì, ó ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà àti bí wọ́n ṣe ń gé èékánná. Gbọ́láhàn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì pa á dé kíá.

"Àǹtí Bàdí, ìyá mi ń ka eléyìí fún mi láràárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tiẹ̀ tún ní ìgbátí nínú."

Báyìí ni wọ́n ṣe fọ́n ká. Kò pẹ́, ó wá ku aláǹgbá kan ṣoṣo tó ń wọ ilé ìwé kíkà, òun náà sì rèé, eṣinṣin ló ń wá.

Ọjà Igbókọ̀dá ni ojú Bàdírátù ti là. Ó bá ìyá rẹ̀ lọ ta ẹdẹ́ tó kù láti èṣí. Oníbàárà kan ń kọjá lọ, kò tiẹ̀ wojú wọn. Ìyá rẹ̀ fi ìka méjì bu ẹdẹ́ bíńtín, ó nà án sí i: "Ìyá mi, ẹ tọ́ ọ wò. Mi ò ní kẹ́ ẹ rà á." Obìnrin náà tọ́ ọ wò, ó rìn lọ. Ó rìn dé ìdí ẹlẹ́pà, ó dúró. Ó pọ́nnu lá. Ó ṣẹ́rí padà, ó sì ra ẹ̀kún agbọ̀n.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Bí o bá ń yin ẹdẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní dá ọ lóhùn. Bu díẹ̀ sí wọn lẹ́nu, kí o wá pa agbọ̀n rẹ dé. Ẹnu wọn ló máa fà wọ́n padà wá."

Bàdírátù dúró gbagidi láàárín ọjà bí òpó ẹ̀bútẹ́.

Bó ṣe délé, ìsàlẹ̀ páálí ló lọ. Ibẹ̀ ló rì àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ́: ìwé tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé, tí ọlọ́pàá ń lé olè, tí olè náà sì ń lé ọlọ́pàá. Òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn pamọ́, ó ní wọ́n á ba orí àwọn ọmọ jẹ́. Ó fa ọ̀kan yọ, ó jókòó lé páálí, ó ní kí òun kàn yẹ ojú ewé kan wò kí ìrẹsì òun tó hó. Ìgbà tó máa fi gbójú sókè, ìrẹsì ti di èédú, ìdí ìkòkò ti jò, àwọn aládùúgbò sì ti gbé garawa omi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló ń jó?" ni wọ́n ń bèèrè.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná," ni Bàdírátù dáhùn. "Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn ni."

Láti ọjọ́ kejì, bí ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ Molútẹ̀hìn bá ti fẹnu kan ẹ̀bútẹ́, Bàdírátù á ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé bí alágbọ̀n ẹdẹ́. "Ẹ wá tọ́ ọ wò! Mi ò ní kẹ́ ẹ kà á!" Ojú ewé kan péré ló ń kà fún wọn. Bó bá ti dé ibi tí ẹnì kan ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, gbàù, á pa ìwé dé.

"Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?" ni wọ́n á pariwo.

"Ọ̀fun mi ti gbẹ."

Kì í ṣe pé ó kàn ń da ìwé fún wọn bí ẹni da oúnjẹ fún adìẹ o. Ó ń wo ojú ọmọ kó tó fa ìwé yọ. Gbọ́láhàn gbọ́n lójú ara rẹ̀, Bàdírátù wá sọ fún un pé: "Ìwọ ọlọ́gbọ́n, wọ́n bá akọ̀wé báńkì kan ní òkú nínú yàrá. Inú ni wọ́n ti tilẹ̀kùn, yàrá náà ò sì ní fèrèsé. Bí o bá mọ ẹni tó pa á kí o tó ka ìwé yìí dé ìdajì, màá pọ̀n ọ́ lẹ́yìn dé Ayétòrò, màá sì máa kọrin fún ọ lójú ọ̀nà."

Gbọ́láhàn já ìwé gbà. Ìdajì ìwé kọjá, kò mọ̀ ọ́n. Ó kà á parí, inú bí i, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè mọ ibi tí wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Ọpẹ́fólúwa ní tirẹ̀, ọmọ tí òjìji ara rẹ̀ máa ń lé wọlé ni. Ẹni tí kò jẹ ata rí, a kì í fi atawẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀ fún un. Ìwé tí ewúrẹ́ ìyàwó ọba kan ti sọnù ni Bàdírátù fún un.

"Àǹtí, ṣé wọ́n pa ewúrẹ́ náà?"

"Ṣé èmi ni màá sọ ọ́?"

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà ti dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹja tí wọ́n pa láná. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí èyí tí ènìyàn ti kú díẹ̀?"

Ti Khalidat ló wá le ju gbogbo wọn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ohùn rẹ̀ lè jí ẹja gbígbẹ lórí àtẹ. Ìwé kan tó ń jẹ́ *Bàtà Kan Létí Omi* ni Bàdírátù fún un. Láti ìgbà náà, bó bá ń po púpurú ẹ̀gẹ́, ìwé wà lábíyá rẹ̀. Bó bá ń wa ọkọ̀, ìwé wà lórí itan rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ni wọ́n ń yà fún un.

Nǹkan wá dára, àbí? Rárá o. Òkun ni Bàbá Ṣùáíbù máa ń wà nígbà tí àwọn ọmọ bá wá gba ìwé. Nígbà tó bá fi máa dé, wọ́n ti gbé ìwé lọ sílé, yàrá òfìfo ló ń bá.

"Mi ò rí ọmọ kankan, Bàdírátù."

"Ilé wọn ni wọ́n ti ń kà á, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwé tó lè dá rìn lọ sílé, kí ló tún fẹ́ fi yàrá ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Bàdírátù lọ́kàn bí eegun ẹja.

Ní Sátidé kan, ẹdẹ́ dé. Láàárọ̀ ni igbe ta láti ẹnu òkun pé omi ti ń pọ́n. Wọ́n ní ẹdẹ́ pọ̀ débi pé ẹyẹ lè fẹsẹ̀ rìn lórí omi. Bàbá Ṣùáíbù gbé àwọ̀n lérí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kíkà.

"Bí a bá kírun Àílà tán, à ń jáde. Kí n tó jáde, àwọ̀n àpọ̀jù mi máa wọ yàrá yìí, àfi bí mo bá gbọ́ ohùn ọmọ níbẹ̀ láti ilé mi."

"Ẹ óò gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ óò gbọ́ ọ dáadáa."

Bàdírátù sáré orí afárá bí akàn tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Ó kó Khalidat, ó kó Gbọ́láhàn, ó kó Ọpẹ́fólúwa àti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn jọ. Yàrá kún. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kì í pariwo! Wọ́n jókòó, wọ́n ń kàwé, kẹ́kẹ́ pa. Ilé Bàbá Ṣùáíbù wà lódìkejì omi, àwọn tó ń fi òòlù kan ọkọ̀ sì ń lù gbà, gbà, gbà. Kí wá ni Bàbá máa gbọ́?

Ibẹ̀ ni Bàdírátù ti ṣe àṣìṣe rẹ̀.

"Khalidat, dìde. Dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kọjú sí ilé Bàbá. Ibi tí o bá kà dé, máa kà á lọ, kà á sókè! Gbogbo ẹnu ni kí o fi kà á!"

Khalidat kò bèèrè ìdí. Ó fa èémí tó mú kí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn fẹ̀yìn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì la ẹnu. Ibi tó kà dé sì rèé:

"OMI GBÉ ỌMỌ LỌ O! Ẹ GBA ỌMỌ O! OMI TI GBÉ ỌMỌ LỌ O!"

Òòlù dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ẹ̀bútẹ́-Ìrọ̀rùn fún yín. Bí igbe yẹn bá ta, wọn kì í bèèrè ọmọ ta ni. Ohun yòówù tó bá wà lọ́wọ́ ẹni, á jù ú sílẹ̀, á sì gbé àjẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ló ń jáde. Bí ọkọ̀ bá sì ti jáde báyìí, àjẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ padà sí ìdí ògiri àfi bí ẹnu kan bá kígbe pé "A ti rí i o!" Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn.

Há! Ẹ wo ọkọ̀! Ọkùnrin tó ń fárí àgbọ̀n jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó ń jẹun fò sínú ọkọ̀ pẹ̀lú òkèlè púpurú lọ́wọ́, ó fi òkèlè náà wakọ̀ kó tó rántí pé kì í ṣe àjẹ̀. Àwọn ìyá ń pe orúkọ ọmọ wọn, ọmọ ń jẹ́ wọn, síbẹ̀ wọn ò padà sẹ́yìn, ọmọ ẹlòmíràn ọmọ náà ni. Bàbá Ṣùáíbù kò dúró de ọkọ̀ rárá. Pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú jálàbíà, pẹ̀lú ìgò ojú, ó bẹ́ sómi gbàmù, omi sì fò títí ó fi kan òrùlé mọ́ṣáláṣí. Ó rì, ó gbé kẹ́tùrù jáde. Ó tún rì, ó gbé irun àtọwọ́dá jáde, ó ti ń sunkún kó tó rí i pé kò sí orí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Khalidat alára ti ju ìwé sílẹ̀, ó ti wà nínú omi. "Ọmọ ta ni? Ọmọ ta ni?" ló ń bèèrè.

Bàdírátù gbé ọwọ́ lérí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tóun fẹ́ sọ yìí ló máa ti ilẹ̀kùn òun pa, ṣùgbọ́n a kì í wo àwọn ènìyàn nínú irú wàhálà yẹn ká panu mọ́.

"Inú ìwé ni o!" ó kígbe. "Ẹ dúró! Inú ìwé ni!"

Ọkọ̀ dúró. Bàbá Ṣùáíbù yọ orí jáde láàárín òpó méjì, koríko omi wà lórí fìlà rẹ̀.

"Inú kí ni?"

"Inú ìwé, Bàbá. Ọmọ inú ìwé ni omi gbé lọ. Èmi ni mo ní kí Khalidat kà á sókè kí ẹ lè gbọ́. Ẹ dárí jì mí."

Gbogbo wọn ló fọhùn pọ̀. Wọ́n ní omi ti kọjá ibi tó yẹ kí àwọn ti ta àwọ̀n, pé ti òní ti bọ́. Wọ́n ní ìwé ti pa àwọn lẹ́kún nítorí ọmọ tí kò sí. Bàbá Ṣùáíbù gun afárá bọ̀, omi ń kán tótó lára rẹ̀.

"Mo gbọ́ ohùn ọmọ, òótọ́ ni," ó ní. "Kó ìwé rẹ jáde."

Bàdírátù yíjú sí àwọn pákó ara ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ń wá èyí tó máa kọ́kọ́ kó. Àwọn ọmọ dúró tì í, Ọpẹ́fólúwa di ìwé tirẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé àbúrò. Nísàlẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́ gbé àjẹ̀ rẹ̀ ti ògiri.

"Ta ló ní kí o gbé àjẹ̀ sílẹ̀?"

Màmá Àrìnpé ni. Òun ló dàgbà jù lábúlé. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bí i, òkun ṣì ń rákòrò. Òun náà ti wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó fìdí kalẹ̀ sáàárín rẹ̀ bí ìdákọ̀ró.

"Màmá, ọmọ inú ìwé mà ni."

"Ṣé mo bi ọ́ níbi tó wà? Mo ní ṣé wọ́n ti rí i?"

Ọkùnrin náà tún àjẹ̀ rẹ̀ gbé.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé," ni Màmá Àrìnpé wí, "ọkọ̀ abúlé yìí kò jáde wá ọmọ rí kó padà láìgbọ́ 'a ti rí i'. Ẹ fẹ́ kí òkun máa wò wá pé a ti ń fi ọmọ sílẹ̀? Kí la fẹ́ wí lọ́jọ́ tó bá gbé tiwa? Ṣùáíbù, jókòó. Ìwọ ọmọ olóhùn bí ẹ́ńjìnì, gbé ìwé rẹ. Wá ọmọ náà jáde fún wa."

Khalidat gun afárá, ó fi ìró gbígbẹ nu ọwọ́, ó ṣí ìwé. Ọkọ̀ yí ilé ìwé kíkà ká, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, ó tó kí ènìyàn fẹsẹ̀ rìn lórí wọn dé Molútẹ̀hìn. Ó kà á fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ ọlọ́rọ̀ kan pòórá, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo wà létí omi, ọlọ́pàá obìnrin kan sì dé láti ìlú láti wádìí lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, títí dórí alápatà àti ọkọ ìyá ọmọ náà.

Níbẹ̀rẹ̀, Bàbá Ṣùáíbù kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fún omi jálàbíà rẹ̀. Kò pẹ́, ó gbàgbé láti máa fún un. Kò pẹ́ sí i, etí kan yí padà, orí tẹ̀lé etí.

"Tún ibẹ̀ kà. Alápatà yẹn sọ pé ibo lòun wà?"

"Ó lóun wà lọ́jà, Bàbá."

"Irọ́ ni! Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọmọ náà sọnù! Ọjà wo ló ń ná?"

"Ọkọ ìyá rẹ̀ ni," ni onírùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan ké láti ìsàlẹ̀. "Mi ò fẹ́ràn ojú ẹ̀."

"Níbo lo ti rí ojú ẹ̀?" ni ẹlòmíràn bi í.

"Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́!" ni Gbọ́láhàn wí. "Gbogbo yín lẹ máa kùnà. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn."

Bàbá Ṣùáíbù na ìka sókè. "Alápatà ló gbé ọmọ yẹn pamọ́. Wáláhì, bí kì í bá ṣe alápatà, kí àwọ̀n mi má wọ yàrá yìí mọ́ láyé!"

Gbogbo ọkọ̀ gbọ́ ọ. Bàdírátù, tí páálí ìwé ti wà ní àyà rẹ̀, rọra gbé e sílẹ̀. Ó wo Khalidat. Khalidat kò tíì ka ìparí, òun náà ò mọ̀. Bàdírátù nìkan ló ti kà á, ó sì bu ètè rẹ̀ jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Wọ́n pe ìrun Alásárì, àwọn tó fẹ́ kírun lọ kírun, wọ́n padà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Khalidat ń kà á lọ. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ, nítorí omi pàápàá ti dákẹ́. Ọlọ́pàá obìnrin náà ti àjà ilé kan sókè. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń jẹ àkàrà. Ilé ta sì ni? Ilé àǹtí ọmọ náà, ẹni tó kọ́kọ́ dúró létí omi tó ké pé omi gbé ọmọ lọ, tóun fúnra rẹ̀ sì gbé bàtà síbẹ̀.

"Ẹni tó kọ́kọ́ ké!" ni Màmá Àrìnpé pariwo, ló bá na àjẹ̀ sí Khalidat. "Khalidat! Níbo lo gbé ọmọ sí?"

Ẹ̀rín bú. Ọkọ̀ ń mì, ẹnì kan tiẹ̀ ṣubú sómi, ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ní ẹ̀bútẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé ilé ìkẹyìn: "A ti rí i o! A ti rí i o!" Àjẹ̀ padà sí ìdí ògiri, gbà, gbà, gbà.

Bàbá Ṣùáíbù nìkan ni kò kígbe. "Ẹ tún ibẹ̀ kà," ó ní. "Ó lè jẹ́ pé alápatà náà wà nínú rẹ̀."

"Kò sí nínú rẹ̀, Bàbá," ni gbogbo ọmọ dáhùn.

Ó wo yàrá. Ó wo àwọ̀n rẹ̀. Ó gbé àwọ̀n náà lé èjìká, ó lọ gbé e kọ́ sábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹdẹ́ tó kó sí wọn lọ́wọ́ pọ̀ débi pé ọkọ̀ ń rìn bí aboyún. Àwọn kan ní ẹdẹ́ náà wá gbọ́ ìparí ni, kò tètè lọ. Nígbà tí Bàdírátù ti ìdí àtẹ dé, àwọn ọmọ ti kún yàrá, Bàbá Ṣùáíbù sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgò ojú rẹ̀ ti gbẹ.

"Mi ò wá kàwé o," ó ní. "Mo kàn ní kí n bèèrè ni. Akọ̀wé báńkì tí wọ́n pa nínú yàrá tí wọ́n ti inú tì yẹn, ta ló pa á?"

"Ṣé èmi ni màá sọ ọ́, Bàbá?"

"Ọwọ́ mi nìwé náà wà," ni Gbọ́láhàn wí. "Ọpẹ́fólúwa ló kàn. Ẹ tò sẹ́yìn rẹ̀."

Bàbá Ṣùáíbù wo Ọpẹ́fólúwa, ó wo ìwé, ó wo bí ìwé náà ṣe nípọn tó. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbọ́láhàn, ó sì na ọrùn.

"Máa kà á sókè," ó ní. "Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi tí ẹnì kan fẹ́ ké, sọ ìyẹn sí mi létí."